Brilliant, Lucid àbí Radiant: èwo ni kí n kọ sí pátákó ilé-ìwé mi?

ÌBÉÈRÈ, láti ọwọ́ Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, ẹ gbà mí o. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ ṣí ti ku orúkọ nìkan. Ọkọ mi ní Brilliant ni ká pè é. Àbúrò ọkọ mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin ní Brilliant ti pọ̀ jù nígboro, ó ní Lucid ló fi làákàyè hàn. Pásítọ̀ wa ní Radiant. Ẹnìkan wá ní kí n má da ara mi láàmú, pé Látìn ni gbogbo wọn, pé "kí nǹkan máa tàn" ni gbogbo wọn túmọ̀ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èwo nínú wọn gan-an ló ń sọ nípa ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé? Ẹni tó ń kọ pátákó ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn fóònù mi mọ́.

* * *

Ẹni tó sọ fún yín pé ìkan náà ni gbogbo wọn, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ààbọ̀ tó ṣe pàtàkì ló sì fi sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun ní Ìlọrin, àwọn ọmọ girama ni mo ń kọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Irú ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́ ju ọ̀rọ̀ owó oṣù lọ.

Lucid àti Radiant ti inú Látìn wá tààrà. Lux ni Látìn ń pe ìmọ́lẹ̀, lucidus sì ni ohun tó mọ́lẹ̀. Radiant wá láti ara radius. Sípóòkù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni àwọn ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún fi ń pe ìtànṣán oòrùn, nítorí ojú kan ṣoṣo ni òun náà ti ń jáde lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Rédíò tó ń ké nínú mọ́tò yín, ara rẹ̀ ló ti wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ lónìí, ojú ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń pè ní radiant. Pásítọ̀ ló mọ ohun tó rí, n ò ní bá a fà á.

Brilliant ló rin jìnnà. Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Briller ni Faransé ń pe kí nǹkan máa kọ mànà, wọ́n sì gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, tí wọ́n ń pè é ní brillare. Kọjá ibẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé beryllus ti Látìn ló bí i. Òkúta iyebíye kan ni beryllus, beryl ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Emerald aláwọ̀ ewé tí àwọn olówó ń fi ṣe òrùka jẹ́ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀. Látìn yá orúkọ náà lọ́wọ́ Gíríìkì, àwọn ará Gíríìkì sì gbọ́ ọ láti Íńdíà, níbi tí òkúta náà ti ń wá. Títí dòní ni àwọn ará Jámánì ń pe awò ojú ní Brille, torí pé òkúta yìí wà lára ohun tí wọ́n ń gé ṣe awò láyé àtijọ́.

Nítorí náà, ìyá ilé-ìwé, òkúta ni brilliant. Kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe àtùpà. Àwọn tó ń gé dáyámọ́ńdì mú un, wọ́n fi sọ irú gígé kan lórúkọ. Ní 1919, Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé àwọn tó ń gé dáyámọ́ńdì, ṣe ìṣirò igun tó yẹ kí ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé sára òkúta náà ní kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lè padà jáde bó ṣe yẹ. Dáyámọ́ńdì roboto tí wọ́n bá gé báyìí máa ń ní ojú 57 tàbí 58. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ń tàn lára òkúta tán ni Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e lé orí ọmọ ènìyàn.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin yóò yé e kíá. Ìlú wa lókìkí nígbà kan fún ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ń gé, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń dán. Ìyá bàbá mi dàgbà nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní ìró irin wẹ́wẹ́ lára òkúta ló máa ń jí àwọn láàárọ̀, kò-kò-kò, ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sinmi. Ihò náà kì í já lọ́jọ́ kan. Bó bá já tán, wọ́n á bu omi sórí òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á máa yí ìlẹ̀kẹ̀ náà lórí rẹ̀ lọ sókè lọ sódò, omi tó ń ṣàn sílẹ̀ á pọ́n bí omi osùn. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán lọ pọnmi. Bàbá tó bá ń dán ìlẹ̀kẹ̀ á gbé e sókè sí oòrùn, á wò ó, á tún dá a padà sórí òkúta láìsọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá kọ Brilliant sí pátákó, ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn: nǹkan tí ẹlòmíràn dán, tí ojú wá ń rí.

* * *

Olùkọ́ kan láti Ọ̀fà dá mi lóhùn kíákíá: "Ẹ̀yin gan-an lẹ gbèjà Brilliant yẹn o, ẹ̀gbọ́n. Kí ni iṣẹ́ olùkọ́ bí kò bá ṣe pé ká dán ọmọ? Ọmọ á wọlé ní òkúta, á jáde ní ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ náà pé." Àwọn èèyàn pọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó dùn létí, n ò sì gbà. Lántànà ò dán ara rẹ̀. Bí wọ́n bá dán an tán, kò lè dán òmíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ dídùn yìí ń gbé àwọn ilé-ìwé wa lọ, ojú mi ló ṣe. Mo jókòó níbi ayẹyẹ òpin ọdún ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìlọrin níbí. Wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè dúdú, fìlà onígun mẹ́rin ń bọ́ sí i lójú. Ó ka ewì Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ, kò fọhùn pa rárá. Àwọn òbí dìde, wọ́n ń ná owó sí i lórí, wọ́n ń pariwo "brilliant, brilliant". Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí ewì náà wà, mo ní kó kà á fún mi. Ó wo ojú mi, ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

N ò bú ọmọ náà o. Wọ́n dán an ni.

* * *

Mo mọ̀ pé a ó débẹ̀. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ajíhìnrere Ìgbómìnà ní ọmọ òun kò ní wọ ilé-ìwé tó bá ń jẹ́ Lucid, pé Lucid àti Lucifer, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn kan ti ṣe àmín sí i. Àbúrò ọkọ ìyá ilé-ìwé yọjú, ó ní aláìmọ̀kan ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká fi èébú sílẹ̀.

Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Lux ni ìmọ́lẹ̀, ferre ni kí èèyàn gbé nǹkan wá. Lucifer ni agbé-ìmọ́lẹ̀-wá, orúkọ tí àwọn ará Róòmù fún ìràwọ̀ òwúrọ̀. Ìràwọ̀ náà gan-an ni àgùàlà tiwa, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ajá òṣùpá. Jerome, tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún, lò ó nínú Aísáyà 14:12, níbi tí wọ́n ti ń fi ọba Bábílónì ṣẹ̀sín pé ó já bọ́ láti ojú sánmà. Àwọn onígbàgbọ́ ka ibẹ̀ sí ìtàn ìṣubú Sátánì, Bíbélì King James ti 1611 sì fi ọ̀rọ̀ Látìn náà sílẹ̀ láìtúmọ̀, ó bá di orúkọ.

Àmọ́ Látìn yẹn kan náà lo lucifer nínú Pétérù Kejì 1:19, níbi tí ìràwọ̀ òwúrọ̀ ti ń yọ nínú ọkàn onígbàgbọ́. Kò sí Sátánì níbẹ̀ rárá. Bíṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ wà ní ìlú Cagliari ní sẹ́ńtúrì kẹrin tó ń jẹ́ Lucifer, ó sì gbóná nínú ẹ̀sìn débi pé ọba lé e kúrò nílùú. Ajíhìnrere, bí ẹ bá fẹ́ lé lux jáde, gbogbo Lúsì tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin yín ló gbọ́dọ̀ bá a lọ, torí inú rẹ̀ ni orúkọ tiwọn náà ti wá.

Ohun tí èmi ní sí Lucid kò kan Sátánì. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò fi lucid pe ẹni tó mọ̀wé jù ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àlàyé tó yéni yékéyéké ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń lò ó fún arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tó wá mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà tó bá ń kọjá níwájú ilé-ìwé yín yóò rẹ́rìn-ín.

* * *

Ọmọ kan tó ń múra ìdánwò JAMB bèèrè láàárín ìjà pé kí ni òdìkejì lucid. Obscure ni, ọmọ mi. Padà sídìí ìwé rẹ.

* * *

Àwọn tó ń mú Effulgent àti Coruscating wá, ẹ ṣàánú wa. Fulgere ni kí nǹkan kọ yẹ̀rì, fulgur ni mànàmáná, ibẹ̀ ni effulgent ti wá. Ó dùn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n òbí tó dé gáréèjì Òmù-Àrán tó fẹ́ gun ọ̀kadà, kí ni yóò sọ? Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán orúkọ ilé-ìwé wò: ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wo ibi tí yóò gbé yín lọ.

Ẹni tó dárúkọ Clara ló bọ́ sí i jù nínú gbogbo yín. Clarus ni, ohùn tó ń dún ketekete, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Inú rẹ̀ ni clear ti wá, inú rẹ̀ náà ni Clare tó jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ará Assisi, tí wọ́n fi sọ ilé-ìwé àwọn obìnrin kan ní Ọ̀fà.

* * *

Ìbéèrè kan: "Bright ńkọ́? Ṣé Látìn ni?"

Rárá. Bright, light, gleam, glow, èdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fúnra wọn ni, kí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó ṣẹ́gun wọn ní 1066, tí Faransé àti Látìn fi ya wọ inú èdè wọn. Beorht ni wọ́n ń pe bright nígbà náà. Ìbátan rẹ̀ wà nínú Robert àti Albert títí dòní. Smart náà kì í ṣe Látìn. Ohun tó ń ta èèyàn lára ló kọ́kọ́ jẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ojú ọgbẹ́ "smarts", ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn ló ṣì ń lò. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yin ọmọ.

* * *

Álífà kan láti Òkè-Lẹ́lẹ̀ bínú sí gbogbo wa. Ó ní: "Ní Ìlọrin! Ìlú kéwú! Ẹ fi Lárúbáwá sílẹ̀, ẹ ń wá Látìn kiri. Nūr ni ìmọ́lẹ̀. Núrúdéènì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn. Múnírù, ẹni tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Sìrájù, àtùpà. Al-Ƙur'ān pe Ànábì ní sirājan munīran, àtùpà tó ń tàn. Àní fìtílà tí ìyá yín ń tàn nígbà kan, Lárúbáwá ni, fatīla, òwú inú àtùpà, ọwọ́ Haúsá ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa."

Álífà, kò sírọ́ nínú gbogbo rẹ̀, mo sì kí yín. Ṣùgbọ́n mo bi yín: kí ni Lárúbáwá ń pe òye fúnra rẹ̀?

Ó dáhùn pé ʿaql. Mo ní kó bá wa sọ ibi tó ti wá. Ó sọ ọ́: gbòǹgbò kan náà ni pẹ̀lú ʿiqāl, okùn tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ ràkúnmí kó má bàa sá lọ. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Okùn ni.

Mo ti ń dúró de èyí láti òwúrọ̀, torí ohun tí Látìn náà ṣe nìyí.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò nídìí ìmọ́lẹ̀, ká wo ohun tí àwọn ará Róòmù ń pe orí tó ń ṣiṣẹ́.

Sapere: kí ẹnu mọ adùn. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wọ́n fi ń pe kí èèyàn gbọ́n. Ẹni tó lè tọ́ ọbẹ̀ wò kó mọ ohun tó ṣaláìsí nínú rẹ̀, ìyẹn sapiens. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń sọ ewéko àti ẹranko lórúkọ, fi pe gbogbo ọmọ aráyé ní Homo sapiens ní 1758. Insipid, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ìdílé kan náà ni. Ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ ìwúrí Yunifásítì Ìbàdàn, Recte sapere fons, pé kí èèyàn máa ronú bó ṣe tọ́ ni orísun.

Sagax: imú tó mú, ti ajá ọdẹ. Sagacious jáde níbẹ̀.

Acumen: ṣónṣó orí nǹkan tí wọ́n pọ́n, láti ara acuere, kí a pọ́n irin. Acute jẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé orí acute kúrò, ó di cute. Cute tí àwọn ọmọ yín ń kọ sí abẹ́ fọ́tò ara wọn, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mú ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí.

Intelligere: inter ni àárín, legere ni kí a ṣà tàbí kí a kà. Ẹni tó lè ṣa èyí kúrò láàárín ìyẹn ni intelligent.

Ahọ́n, imú, ojú irin, ọwọ́ tó ń ṣà. Ibẹ̀ ni Róòmù fi ọgbọ́n sí. Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi ṣe oyè. Clarissimus, ẹni tó mọ́lẹ̀ jù, ni orúkọ oyè àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Splendidus ni wọ́n ń pe àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń gun ẹṣin. Nígbà tí ìjọba náà ń lọ sópin, illustris ni wọ́n ń pe àwọn ìjòyè tó ga jù lọ. Inú rẹ̀ ni illustrious ti wá. Kò pọn dandan kí ìjòyè gbọ́n. Ká ṣáà ti rí i lókèèrè.

Mo ti dáhùn ìbéèrè yín, ìyá ilé-ìwé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí Látìn rẹ̀ ń sọ nípa ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ ọmọ. Bí ó ṣe ń rí lójú ẹni tó ń wò ó ni gbogbo wọn ń sọ.

* * *

Ẹnìkan tó ní Àgùdà lòun, pé òun ti gbọ́ Máàsì Látìn nígbà èwe, fa mí láṣọ: "Oxford ńkọ́? Dominus illuminatio mea ni ọ̀rọ̀ ìwúrí wọn. Ṣé àwọn náà ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?"

Ẹ kú ìrántí, Bàbá. Orin Dáfídì 27 ni: "Olúwa ni ìmọ́lẹ̀ mi." Ọlọ́run ni wọ́n pè ní ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì Ìlọrin tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lábẹ́ Ìbàdàn, Probitas doctrina ló mú: ìwà rere àti ẹ̀kọ́. Kò fi iná kankan sí i, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

* * *

Genius ni ìjà tó kù. Olùkọ́ Ọ̀fà ló tún gbé e wá, ó ní orí ni genius, orí tiwa gan-an, pé àwọn ará Róòmù jí i kó.

Wọn ò jí i kó. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Genius ni ẹ̀mí tí ó bá ọkùnrin wáyé, tó ń tọ́ ọ, tó ń ṣọ́ ọ. Juno ni ti obìnrin. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọkùnrin ará Róòmù á da wáìnì sílẹ̀ fún genius rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń bọ orí kò ní ṣàì rí ìjọra. Àmọ́ a yan orí kí a tó wáyé, ìyẹn sì ni gbogbo ìtàn rẹ̀ dúró lé. Genius wá láti ara gignere, kí a bí nǹkan. Wọ́n bí i mọ́ èèyàn ni, kò sí yíyàn níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé ẹnìkan "jẹ́" genius ti yí i padà pátápátá. Lójú ará Róòmù, èèyàn ní i ni, kò jẹ́ ẹ.

Ingenium ni ohun tí wọ́n bí mọ́ orí ẹni, ẹ̀bùn abínibí. Ingenious jáde níbẹ̀. Wọ́n sì lò ó fún ohun èlò tí ẹni tó ní ingenium bá ṣe, ó di engine, tiwa di ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún wo jẹnẹrétọ̀, ìdí gen- kan náà ni. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ jáde lọ fa okùn ẹ̀rọ yẹn nínú òkùnkùn, ẹ̀yin àti genius ò jìnnà síra.

(Ajíhìnrere, mo ti rí ohun tí ẹ kọ. Rárá, n kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ jẹnẹrétọ̀.)

* * *

Mo fẹ́ yà bàrà díẹ̀, torí ẹnìkan bèèrè bóyá candidate àti candle bára tan. Wọ́n bára tan. Candere ni kí nǹkan funfun kó sì máa tàn. Candidus ni funfun báláú. Ẹni tó bá ń díje fún ipò ní Róòmù máa ń fi ẹfun pa aṣọ rẹ̀, kó funfun ju ti gbogbo èèyàn lọ nínú ọjà, kí wọ́n lè tètè rí i. Candidatus ni wọ́n ń pè é, ẹni tí wọ́n wọ láṣọ funfun. Livy, òpìtàn wọn, kọ ọ́ pé ní ọdún 432 ṣáájú ìbí Jésù wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi funfun kún aṣọ rẹ̀ torí ìdìbò mọ́. Nígbà tó di ọdún 64 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, olóṣèlú wọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣì wọ aṣọ funfun yẹn, ó dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fi ọ̀rọ̀ bó àwọn tó ń bá a díje láṣọ. Òfin ti dé, ẹfun ò tán.

Candid, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, inú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti wá. Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ kúkú mọ àwọn candidate yín.

* * *

Ìyá ilé-ìwé padà wá. Ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀, òun àti ọkọ òun jọ kà á, òun fẹ́ràn Acumen. Ọkọ ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ó dà bí orúkọ oògùn. Àbúrò ọkọ ṣì wà lórí Lucid. Ẹni tó ń kọ pátákó ti parí ìjà fún wọn: àsansílẹ̀ tó gbà, ó ti fi ra ọ̀dà, ó sì ti kọ BRILL sára pátákó, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun pa á rẹ́, owó mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀, màmá. Orúkọ ò ní kọ́ ọmọ. Àwọn òbí mọ Brilliant, ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n, wọn á rí yín. Ìsàlẹ̀ orúkọ ni kí ẹ ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi Látìn síbẹ̀. Ẹ má lọ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà túmọ̀ Yorùbá sí Látìn fún yín o. Ẹ mú èyí tó ti wà nílẹ̀: Sapere aude. Sapere tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, aude sì ni "gbójú". Gbójú láti gbọ́n. Lẹ́tà mẹ́wàá péré ni, ìyẹn kò lè wọ́n lọ́wọ́ akọ̀wé pátákó. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún un, kí ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń kọ ọ́, kó má bàa di "audi" tí í ṣe mọ́tò.

Ohun tí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ náà rọrùn. Bí ọmọ bá ka ewì tán, ẹ fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ kan láàárín rẹ̀.

Pásítọ̀ yóò béèrè ẹni tó sọ Sapere aude. Horace ni, akéwì ará Róòmù. Bí ó bá tún béèrè bóyá onígbàgbọ́ ni, ẹ sọ fún un pé ó kú ní ọdún 8 ṣáájú ìbí Jésù, kí ẹ jẹ́ kó lọ ṣírò ìyókù.